Ọdún Mẹ́sàn-án Láìgba Owó Ọmọ: Ohun Tí A Bá Nínú Ilé Ìbejì Kan ní Peckham

Ọ̀rọ̀ National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń san fún ìjọba nílùú ọba kó lè gba pẹ́ńṣàn lọ́jọ́ alẹ́, ló gbé ìyá náà wá sọ́dọ̀ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọmọ (Child Benefit), owó tí ìjọba ń san fún òbí nítorí ọmọ. Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni, ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti máa ń gba àwọn ará wa nímọ̀ràn ní Peckham. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Kí ni ìtumọ̀ 'Year is not full'?" Ọdún 8 ló tò tẹ̀ léra lójú fóònù náà, láti 2015 títí dé 2023, ohun kan náà ni wọ́n sì kọ síwájú gbogbo wọn.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ó ní ọmọ lòun ń tọ́. Mo ní, "Owó ọmọ ńkọ́? Ta ló ń gbà á nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ó mirí. "A ò gbà á rí, mà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àwọn èèyàn wa nímọ̀ràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo ń kọ èyí fún. Tọkọtaya náà gbà kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ wọn, nítorí náà Ìyá Ìbejì àti Bàbá Ìbejì ni màá máa pè wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe tí mo ti bá pàdé lórí owó ọmọ láàárín àwa Yorùbá London ló péjọ sínú ilé kan yìí. Àṣìṣe tèmi náà wà níbẹ̀.

Bí ilé náà ṣe rí

Bàbá Ìbejì ti pẹ́ nílùú ọba. Ó wá kàwé, ó ríṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, ó gba páálí, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, nígbà tó sì di 2014 ó ti di ọmọ onílùú. Ọdún yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀ wá bá a láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà ìyàwó. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára káàdì rẹ̀ pé "No public funds", ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ní oṣù kẹfà 2015, Táíwò àti Kẹ́hìndé dé. Owó tí wọn ì bá san fún ẹni tó máa bá wọn ṣọ́ ọmọ méjì pọ̀ ju ohun tí ìyá lè mú wálé lẹ́nu iṣẹ́ lọ, ló bá jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdòwú tẹ̀ lé wọn ní 2020. Ọdún 2023 ni ìyá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lewisham ló ń lọ mú àwọn ọmọ níléèwé, tó ń bọ́ wọn, tó sì ń sùn tì wọ́n lálẹ́ tí ìyá bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí bàbá náà sì wà lójú irin.

Láti ọjọ́ ìkómọ ìbejì títí di ọjọ́ tí mo ń wí yìí, kò sẹ́ni tó kọ fọ́ọ̀mù owó ọmọ nínú wọn. Ohun tó dí wọn lọ́wọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá ṣe ń kúrò lọ́nà ni òmíràn ń gba ipò rẹ̀.

Káàdì yẹn ló kọ́kọ́ dí wọn. Òótọ́ ni pé Child Benefit wà lára ohun tí òfin ìwọ̀lú kà sí public funds, ẹni tí gbólóhùn yẹn bá wà lára físà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ béèrè fún un. Ìyá Ìbejì mọ èyí dáadáa. Ẹ̀rù bà á pé bí kọ́bọ̀ kan bá wọ ilé wọn látọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n á fi dínà mọ́ òun lọ́jọ́ tí òun bá ń béèrè páálí. N kò bá a wí fún ìbẹ̀rù yẹn. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ẹni tó lè dá a padà sílé á mọ̀ pé ẹ̀rù ń bẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 5 yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n pé: bàbá ńkọ́? Ọmọ onílùú ni bàbá, abẹ́ òrùlé kan náà lòun àtàwọn ọmọ ń sùn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lórúkọ ara rẹ̀. Owó ọmọ kì í lé kì í sì í dín nítorí pé ìyàwó wà nílé; orí ọmọ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé. Kò sí nǹkan kan tí wọn ì bá rí dì mọ́ ìyàwó lọ́rùn.

Lásìkò yẹn, £20.70 ni wọ́n ń san lọ́sẹ̀ fún ọmọ àkọ́kọ́, £13.70 fún èyí tó bá tẹ̀ lé e. Fún ìbejì, ìyẹn jẹ́ £34.40 lọ́sẹ̀, £1,788.80 lọ́dún. Owó iṣẹ́ Bàbá Ìbejì kò tíì tó £50,000 nígbà náà, torí náà wọn ò ní dá nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Ọdún 4 péré irú rẹ̀ ti lé ní £7,000. Owó yẹn ti lọ. Oṣù 3 péré ni òfin gbà kí wọ́n ka owó ọmọ sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ìbéèrè bá dé ọwọ́ HMRC, iléeṣẹ́ owó-orí tó ń san án. Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan péré kúrò nínú ìwé yìí lọ sọ́dọ̀ aboyún tó wà nínú ìjọ yín, ẹ mú oṣù 3 yẹn.

Nígbà tó di 2019, ìyá gba páálí. Ó yẹ kí ọ̀nà là. Àmọ́ ọdún yẹn náà ni ìgbéga dé bá ọkọ, tí owó rẹ̀ fi kọjá £50,000. Láti oṣù kìíní 2013 ni ìjọba ti dá owó-orí kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní High Income Child Benefit Charge. Bí ẹnì kan nínú tọkọtaya bá ń gbà ju £50,000 lọ, á máa dá apá kan owó ọmọ padà. Tó bá fi máa dé £60,000, gbogbo rẹ̀ ló máa dá padà. Arákùnrin kan nínú ìjọ sọ fún wọn pé, "Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ yín ni." Ohun tó sọ kò jìnnà sí òótọ́ tó bá jẹ́ tówó nìkan ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ fọ́ọ̀mù náà kó sì sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n má sanwó, kí wọ́n kàn fi orúkọ òun sílẹ̀. Orúkọ yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìyá náà gbé fóònù wá fi hàn mí láìmọ̀.

Iṣẹ́ orúkọ náà rèé. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí owó ọmọ, tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún 12, tí ẹni náà kò sì rí iṣẹ́ ṣe tó láti san National Insurance, ìjọba á ka ọdún náà sí i lọ́rùn bí ẹni pé ó san án. Kò ní san kọ́bọ̀. Ọdún 35 lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó gba pẹ́ńṣàn ìjọba ní kíkún. Ẹni tí kò bá ní tó ọdún 10 kò ní gba nǹkan kan. Ìyá Ìbejì ti pé ẹni ọdún 34 kó tó wọ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wà báyìí, ọdún 68 ló máa tó gba pẹ́ńṣàn, ìyẹn 2048. Bó bá ṣiṣẹ́ láìsinmi láti 2023 títí di ìgbà náà, ọdún 25 ló máa ní. Ọdún 8 tó fi tọ́mọ nílé ì bá sọ ọ́ di 33. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé níwájú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo rò pé ilé ni mo jókòó sí ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, àti ohun tó ṣubú nínú rẹ̀

Mo pe Bàbá Ìbejì lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò fẹ́. Owó rẹ̀ ti dé £66,400 lọ́dún, ó sì ti gbọ́ nípa àwọn tí HMRC fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí lẹ́yìn ọdún mélòó kan nítorí pé wọn ò sọ pé owó wọ́n ti kọjá ìdíwọ̀n. "Mọ́mì, mi ò fẹ́ kí ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ HMRC kankan wọlé mi." Mo ní ìbẹ̀rù rẹ̀ bá òfin àná mu. Láti oṣù kẹrin 2024, wọ́n ti gbé ìdíwọ̀n náà sókè sí £60,000, gbogbo owó ọmọ kò sì ní tán àfi téèyàn bá dé £80,000. Fún gbogbo £200 tó bá lé lórí £60,000, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ọmọ náà ló máa dá padà. £6,400 ni tirẹ̀ fi lé, ìdá 32 nìyẹn. Bó bá tiẹ̀ jókòó láìṣe nǹkan kan sí i, £68 nínú gbogbo £100 á kù sí ilé rẹ̀. Ó dákẹ́, ó ní kí n tún un sọ.

Orúkọ ìyá la fi béèrè. Ìyá ti ní páálí báyìí, kò sí ìdènà lára rẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gba owó ọmọ nínú tọkọtaya, ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù ni owó-orí yẹn máa wá, nítorí náà fífi orúkọ ìyá sí i kò ní mú kí ọkọ san ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìyá bá sì tún kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan kí Ìdòwú tó pé ọdún 12, ọdún rẹ̀ á máa kún fúnra rẹ̀.

Mo kọ gbogbo ohun tó máa nílò sílẹ̀ fún un, ó sì fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdé, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. N kò jókòó tì í. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tèmi wà.

Ní oṣù kejìlá, lẹ́tà dé. Inú rẹ̀ dùn, ó yà á ránṣẹ́ sí mi. Mo wo iye tó wà níbẹ̀: £42.55 lọ́sẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Lọ́dún yẹn £25.60 ni ti ọmọ àkọ́kọ́, £16.95 ni ti ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Ọmọ mẹ́ta yẹ kó jẹ́ £59.50. Mo pè é. "Ìdòwú dà?" Ó ní, "Àǹtí, ṣebí ọmọ méjì ni wọ́n ń sanwó fún?"

Òfin ọmọ méjì tó gbọ́ kì í ṣe ti owó ọmọ. Universal Credit àti tax credits, àwọn owó ìrànwọ́ mìíràn fún àwọn tí owó wọn kò tó, ni wọ́n fi òfin yẹn dè nígbà náà, láti oṣù kẹrin 2017. Child Benefit kò ní iye ọmọ tó gbọ́dọ̀ mọ rí, láti 1977 tó ti gba ipò Family Allowance. Bí o bá bí mẹ́jọ, ti mẹ́jọ ni wàá gbà. Àmọ́ ìròyìn ti da méjèèjì pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn lórí débi pé ìyá kan yọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé ó fẹ́ rẹ́ ìjọba jẹ. Ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ló fi orúkọ Ìdòwú kún un. Oṣù 3 ni wọ́n kà sẹ́yìn fún ìyẹn náà, kò dé ibi tí ti àwọn ìbejì dé. Ọ̀sẹ̀ 8 ló ṣòfò, £135.60. Kí n ní kó ka fọ́ọ̀mù náà sí mi létí lórí fóònù kó tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ni ì bá gba owó yẹn là. Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ránṣẹ́ láìjẹ́ pé a jọ kà á.

Nǹkan kékeré mìíràn wà nínú fọ́ọ̀mù kan náà. Wọ́n ní kó kọ ọmọ tó dàgbà jù ṣáájú. Kẹ́hìndé ló kọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ nílé wa: Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ṣùgbọ́n ní England, wọ́n máa ń kọ wákàtí tí wọ́n bí ìbejì kọ̀ọ̀kan sára ìwé ìbí wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ni òfin wọn mọ̀ lágbà. Kò yí iye owó padà nínú ilé kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ìwé ìbí mu. A tún un ṣe. Ẹ máa rántí rẹ̀ bí ìyá ìbejì bá jókòó síwájú yín.

Ìdámẹ́wàá

Ní oṣù kìíní 2025, Bàbá Ìbejì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó ti ṣírò ohun tó máa dá padà. Láti oṣù keje títí ìparí ọdún owó-orí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, owó tó máa wọlé fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ £2,125.40, ìdá 32 nínú rẹ̀ jẹ́ £680. Ó bi mí bóyá ọ̀nà kan wà tó tọ́.

Ọ̀nà wà, ojú gbangba ló sì wà. Kì í ṣe owó iṣẹ́ gan-an ni wọ́n fi ń wọn owó-orí yìí. Adjusted net income ni, ìyẹn ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ àwọn nǹkan kan tí òfin gbà, pàápàá owó tí èèyàn fi sínú pẹ́ńṣàn àti ọrẹ tó fún ẹgbẹ́ àánú lábẹ́ Gift Aid, ètò tí ìjọba fi ń fi owó kún ọrẹ ẹni tó ń san owó-orí. Ohun tí gbogbo ìwé ìmọ̀ràn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pẹ́ńṣàn. Mo sọ fún un pé bó bá fi £5,120 sínú pẹ́ńṣàn aládàáni, ìjọba á fi £1,280 kún un, á di £6,400, owó rẹ̀ á sì jókòó sórí £60,000 géérégé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ibo ni òun ti fẹ́ rí £5,120 kí oṣù kẹrin tó dé, pẹ̀lú owó ilé àti owó tó ń lọ sí Ìbàdàn fún ìtọ́jú ìyá òun.

A ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró kó tó sọ gbólóhùn tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó ń ka ohun tó ń jáde lápò rẹ̀ lóṣù, ó ní, "... àti ìdámẹ́wàá, £300." Mo bi í pé báwo ló ṣe ń san án. Ó ní báńkì ló ń gbé e lọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù sínú àkáǹtì ìjọ. Ṣé ó ti fọwọ́ sí ìwé Gift Aid rí? Ó ní wọ́n pín in lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òun rò pé àwọn tó fẹ́ kí ìjọba mọ iye tí wọ́n ń fún Ọlọ́run ló wà fún.

Ìjọ wọn wà lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àánú. £300 lóṣù jẹ́ £3,600 lọ́dún. Lábẹ́ Gift Aid, ìjọ á gba £900 lé e látọ̀dọ̀ ìjọba, òfin á sì kà á pé £4,500 ni arákùnrin náà fi tọrẹ. £66,400 wá di £61,900. Ó ku £1,900. Fún ìyẹn, £1,520 ló máa fi sínú pẹ́ńṣàn, àfikún á sọ ọ́ di £1,900. Ó ní àjọ òun máa bọ́ sí oṣù kẹta.

Ó fọwọ́ sí ìwé Gift Aid lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ìwé náà lè ka ọrẹ ọdún 4 tó ti kọjá mọ́ra, bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá wà, tirẹ̀ sì wà nítorí pé báńkì ló gbà. Ẹni tó ń fi owó sínú àpòòwé láìkọ orúkọ kò lè rí èyí ṣe. Owó tí èèyàn fi ra nǹkan níbi ìkórè náà kò sí lára rẹ̀, nítorí ó gba nǹkan lọ́wọ́. Sàdákà sí mọ́ṣáláṣí tó wà lórúkọ wà lára rẹ̀ bákan náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, £680 náà ti di òdo. Nítorí pé £6,400 orí owó rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń gba owó-orí ìdá 40, ó tún lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dín owó-orí £1,280, ó sì béèrè fún un. Pẹ́ńṣàn yẹn kò ṣeé fọwọ́ kàn títí á fi pé ẹni ọdún 57. Mo sọ ìyẹn fún un lẹ́ẹ̀mejì kó tó sanwó, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gba èèyàn nímọ̀ràn sọ ọ́.

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti bi àwọn èèyàn wa ní ìbéèrè ìdámẹ́wàá nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ọmọ bá délẹ̀. Ẹni tí kò mọ ilé wa kò lè mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè. Àwa mọ̀.

Àwọn ọdún tó ti kọjá

Èyí ló le jù, òun náà ló dá ìjà sílẹ̀. Títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2025, ìjọba fàyè gba kí èèyàn san owó dí àlàfo National Insurance láti 2006. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọdún 6 péré sẹ́yìn ló kù. Ní 2023 ìjọba tún ti kéde pé àwọn òbí tí kò béèrè owó ọmọ nítorí High Income Charge á lè béèrè kí wọ́n ka àwọn ọdún náà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, láti oṣù kẹrin 2026. Ìkéde méjèèjì yìí ló pín ọdún 8 ìyá náà sí méjì. Láti 2019 sí 2023, owó ọkọ ti kọjá ìdíwọ̀n, ó sì jọ pé ìkéde yẹn kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n 2015 sí 2019, físà ló dí wọn, kì í ṣe owó-orí. Kò sí ẹni tó máa fún un ní ọdún mẹ́rin yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Bí kò bá rà wọ́n kí ọjọ́ náà tó kọjá, wọ́n lọ pátápátá.

£824.20 ni ọdún kan. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹta, owó ọmọ tó ti wọ àkáǹtì Ìyá Ìbejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £2,000. Ó ní òun fẹ́ fi ra ọdún méjì. Inú bí ọkọ rẹ̀. "Owó àwọn ọmọ lo fẹ́ fi ra ogbó?" Èrò rẹ̀ ni pé bàtà iléèwé ni owó náà wà fún, àti ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ fún Ìdòwú. Ó wò mí bóyá màá gbè é.

N kò gbè ẹnì kankan. Mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: lọ́dún yẹn, pẹ́ńṣàn kíkún jẹ́ £221.20 lọ́sẹ̀, ọdún kan nínú 35 jẹ́ £6.32 lọ́sẹ̀, ó lé ní £328 lọ́dún, ní gbogbo ọdún tó bá kù láyé lẹ́yìn 68. Ọdún tó ra á ti san owó ara rẹ̀ padà kó tó pé ọdún mẹ́ta tó ń gba pẹ́ńṣàn. Ṣùgbọ́n mo tún sọ pé 2048 jìnnà, àti pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ní bàtà lónìí kì í jẹ̀bi bó bá ra bàtà. Ìyá ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, nígbà tí mo jókòó tì wọ́n lọ́dún mẹ́jọ, ẹ̀yin ń ní pẹ́ńṣàn. Èmi ò ní." Ọkọ rẹ̀ kò fèsì. Ó ra méjì nínú mẹ́rin, £1,648.40. Méjì tó kù lọ.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lewisham

Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni mo tó rántí ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó sì dùn mí pé n kò rántí rẹ̀ ṣáájú. Ẹni ọdún 58 ni, eékún ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló sì ń bá wọn tọ́. Láti 2011 ni òfin ti wà pé bí ẹbí kan tí kò tíì tó ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà tàbí àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n, bá ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé 12 kí òbí lè ṣiṣẹ́, ìjọba lè gbé kírẹ́dìtì National Insurance tó so mọ́ owó ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹbí náà, bí òbí bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ kún ọdún tirẹ̀. Ìyá Ìbejì ti kún ọdún rẹ̀ nílé àwọn àgbàlagbà. Kírẹ́dìtì náà kàn wà nílẹ̀ láìní ẹni tó ń lò ó. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá lẹ́yìn tí ọdún owó-orí bá parí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbéèrè. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà lórí tábìlì ìdáná, fún ọdún 2024 sí 2025. Ká ní wọn ò béèrè owó ọmọ rárá ni, kò sí ohun tí wọn ì bá gbé fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó síwájú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí, n kì í bẹ̀rẹ̀ lórí iye owó mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ló wà nínú ilé tí físà kò dè, kódà bó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló wá bá mi. Lẹ́yìn náà, ta ló jókòó ti ọmọ nílé, ta ló sì ń bá wọn ṣọ́ ọmọ láìgba kọ́bọ̀. Iye owó iṣẹ́ ló kàn, mo sì máa ń béèrè ọrẹ, sàdákà, ìdámẹ́wàá àti pẹ́ńṣàn kí n tó gbà pé ẹnikẹ́ni kọjá ìdíwọ̀n. Mo ń sọ fún wọn pé láti ọdún 2025, ẹni tí owó-orí yìí bá kàn lè ní kí wọ́n máa yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀, kò pọn dandan mọ́ kó kọ ìwé Self Assessment, ìwé owó-orí tí èèyàn ń kọ fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí rẹ̀ nìkan. Ìbẹ̀rù ìwé yẹn ti lé ọ̀pọ̀ bàbá sá. Mo sì ń bi wọ́n nípa ìrìn àjò. Ìsinmi iléèwé ní Ìbàdàn kò ba nǹkan kan jẹ́, àmọ́ bí ẹni tó ń gba owó náà bá máa kúrò nílùú ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ sílé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n má bàa wá gbà á padà lẹ́yìn.

Lọ́dún owó-orí 2025 sí 2026, tí mo kọ ìwé yìí, £60.55 ló ń wọlé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ ọ́, ohun kan ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì yanjú. Ọdún 2019 sí 2020 wà lára àwọn tí a ń retí lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù kẹrin 2026, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin yẹn kan náà ló máa jáde kúrò nínú ọdún 6 tó ṣeé rà. Bí wọ́n bá dúró, tí ìbéèrè wọn kò sì wọlé, ọdún náà lọ. Bí wọ́n bá rà á, ó lè jẹ́ owó ohun tí wọn ì bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n san. Bàbá Ìbejì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní oṣù kẹta ni àjọ òun tún bọ́ sí, òun ò sì tíì fọwọ́ sí nǹkan kan lórí rẹ̀ títí òun àti ìyàwó òun á fi wá jókòó síwájú mi.